Ọjọ́ Tí Àpótí Funfun Kú Nílé MaTshuma

Ẹ̀yin ará Magwegwe, ẹ̀yin ará Bulawayo lápapọ̀, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Johannesburg tí ẹ ṣì ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ilé, ẹ sún mọ́bí, mo fẹ́ bì. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ó ti rà, òórùn rẹ̀ ti ń gba ẹnu mi jáde. Tí mo bá fọ eyín tán láàárọ̀, ńṣe ló dà bíi pé eku kú sí mi lọ́nà ọ̀fun. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ mọ̀ mí, ẹ sì mọ̀ pé òótọ́ ò sí lára ọjà tí mò ń tà. Èmi Mlamuli Dlodlo yìí náà ni mo sọ fún yín pé mo fọwọ́ lásán mú ọ̀nì ní odò Gwayi, tí mo ní gbogbo ọmọge Tshabalala ló fa irun ara wọn tu nítorí mi. Ẹ gbàgbé ọ̀nì, ọ̀nì yẹn ò ju alángbá lọ. Ẹ gbàgbé àwọn ọmọge, ẹnì kan ni, mi ò sì tíì dá a lójú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò bù mọ́ ọn. Tó bá tóbi jù létí yín, bó ṣe tóbi náà nìyẹn.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà. Àpótí funfun kékeré kan ni, kò ju búrẹ́dì lọ. Èèyàn á ki síìmù bọ̀ ọ́ nídìí, á fi iná sí i, gbogbo fóònù inú ilé á sì máa fa dátà lára rẹ̀ bí ọmọ ajá ṣe ń fa ọmú ìyá wọn. Láti ibi títí dé Victoria Falls, kò sí ẹni tó ń tà á bí èmi. Mo lè ta yẹtí fún ejò, kó tún padà wá bi mí pé ẹgba ọrùn ńkọ́. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa níbí, ọjà ò yá, nítorí pé tẹlifóònù oníwáyà ni àwọn àgbà ibí ń lò, èyí tí wọ́n gbé ka orí tábìlì, tí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun bò bí òkú ọba. Inú wáyà yẹn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé fún wọn. Àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ń san án. Tí mo bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Ọmọ Dlodlo, tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́, gbé tìẹ lọ fún àwọn tó ń sun ìta." Ìyá àgbà kan wo àpótí mi lọ wò ó bọ̀, ó ní kí n gbé e kúrò níbi tí òun ti ń jẹun, pé ó jọ póò ọmọ-ọmọ òun. Ẹ wo bí wọ́n ṣe wọ́ èmi ọkùnrin ogun nílẹ̀!

Ibi tí ìdọ̀tí ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àpótí irin aláwọ̀ ewé kan wà ní ìkóríta wa tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti já. Inú rẹ̀ ni gbogbo wáyà tẹlifóònù àdúgbò ti ń pàdé. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, tí gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mu ọtí ọkà títí ikùn mi fi le bí elégédé. Mo lọ dúró síwájú àpótí yẹn, mo tú ṣòkòtò, mo sì tọ̀ sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo tọ̀ bí ẹni tí odò Zambezi gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń hó lára wáyà, ó ń ṣe fùù, òórùn rẹ̀ gba imú mi padà sínú mi, mo sì ń súfèé. Mo padà lọ ní Sọ́ńdè kejì, mo tún lọ lẹ́yìn ìyẹn. Iyọ̀ tó wà nínú ìtọ̀ máa ń jẹ wáyà bí kòkòrò ṣe ń jẹ àgbàdo. Kò pẹ́ tí tẹlifóònù àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ó ń wúkọ́, ó ń ta pàrà bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù wá, wọ́n ṣí i wò, wọ́n fọwọ́ dí imú. Wọ́n ní ajá ló ń tọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, mo ń mi orí. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ajá àdúgbò wa ò gbẹ́kọ̀ọ́ o." Ajá ni mí lóòótọ́, àmọ́ ajá kì í purọ́. Wọ́n ní wáyà tuntun ò sí nílẹ̀, wọ́n gun ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sí mi lápò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ilé ìyá àgbà olóró ẹnu yẹn.

Ẹni tó kù ni MaTshuma. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ngwabi, wà ní ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Silibaziso, Síli tí gbogbo wa mọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, MaTshuma á gbé isitshwala, òkèlè àgbàdo wa, àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú fóònù, bàbá náà á gbé oúnjẹ tirẹ̀ síwájú fóònù lọ́hùn-ún, wọ́n á jọ fọwọ́ wọn, wọ́n á jọ jẹun. Mo ti bá wọn jókòó tì í láìmọye ìgbà, nítorí ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Ọwọ́ MaTshuma ni mo ti kọ́kọ́ jẹ kòkòrò mopane, òun ló ń fi ọ̀rá pa mí lẹ́sẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ rántí ìyẹn, kí ẹ lè mọ bí mo ṣe rí.

Mo mọ ohùn Bàbá Ngwabi ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ. Á kọ́kọ́ wúkọ́, á wá dá dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà, á wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ ilé mi," á fa "mi" yẹn gùn bí okùn kànga. Tí wọ́n bá ti fi fóònù sílẹ̀, mo máa ń sín in jẹ. Síli á rẹ́rìn-ín títí á fi dì mọ́ ògiri. MaTshuma á ju ìnùwọ́ lù mí, á ní, "Dákẹ́, ìwọ ọmọ yìí, wàá jẹ́ kí n dìde lọ bu oúnjẹ fún un."

Nígbà tí ìlà wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín, MaTshuma pè mí. Ó ní, "Mlamuli, ìlà wa ń ṣe bí ewúrẹ́ tí òtútù mú. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù kí wọ́n tún un ṣe." Mo ní, "Ìyá, ṣé sùúrù lẹ fẹ́ gbọ́ ni àbí ọkọ yín?" Ó ní, "Ẹnu ẹ yìí, ìyá obìnrin tó máa fẹ́ ẹ ṣì wà nínú oyún." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń wo àpótí náà. "Tí iná bá wá lọ ńkọ́?" Mo gbá àyà, mo ní, "Èyí? Ìyá, bí ayé bá parẹ́ lọ́la, ẹ̀yin àti àpótí yìí nìkan lẹ máa kù, ẹ̀ẹ́ sì máa wo sinimá." Bàbá Ngwabi alára bi mí nínú ìlà tó ń há yẹn, "Mlamuli ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Bàbá, tó bá kú, ẹ gé orí mi." Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi orí ẹ ṣe? Ohùn àwọn èèyàn mi ni mo fẹ́."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Tẹlifóònù orí tábìlì yẹn ò bẹ ẹnikẹ́ni fún iná, iná tirẹ̀ ń bá wáyà rìn wá ni. Bí gbogbo Bulawayo bá ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, á ṣì dún. Àpótí tèmi ní tiẹ̀, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkè ló gbójú lé, òpó gbójú lé bátìrì, bátìrì sì wà lọ́wọ́ àánú àwọn olè. Gbogbo wa tí a ń tà á la mọ̀. Mo gbé àpótí wọlé. Mo ní kí MaTshuma jẹ́ kí n bá a kó ìdọ̀tí àtijọ́ dànù. Mo gun òrùlé, mo fa wáyà náà yọ láti orí òpó dé ara ògiri, mo ká a lọ́wọ́ bí ìfun ẹran, mo sì tà á fún àwọn onírin àlòkù. Ó sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń dúpẹ́. Ó fi wàrà kíkan rán mi lọ sílé. Mo mu ún. Ó dùn. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu!

Síli wá rí ọkọ. Mqhele ni, ọmọ ìdílé Mafu, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn, kò sí ariwo. Wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn alárinà máa wá tọrọ rẹ̀. Mehluli, àbúrò Bàbá Ngwabi, ló máa dúró nílé, àmọ́ Mehluli ò lágbára láti sọ pé a gbà. Bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ kí gbogbo ìyàrá gbọ́. Nítorí náà, fóònù ló máa jókòó sórí àga bàbá. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé bí ohùn yẹn ò bá jáde, kò sí ìgbéyàwó.

Iná ti lọ láti àná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dé ibẹ̀, bátìrì kékeré inú àpótí ṣì gbé e, àmọ́ iná pupa ni mo rí lójú rẹ̀, pé kò rí òpó. Mo yọ síìmù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún ki í bọ̀ ọ́. Pupa. Wọ́n ní àwọn olè ti gun òkè lọ kó bátìrì òpó. MaTshuma ti wọ aṣọ tó dára, ó ti wé gèlè, ó dúró lé mi lórí. "Mlamuli, àpótí ẹ ti kú." Mo ní, "Kò kú, ìyá, ó ń sinmi ni." Ó ní, "Jí i. Àwọn èèyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Mlotshwa, alárinà àgbà, bàbá apárí kan tó ní ọ̀pá, ló ń kígbe orúkọ ìdílé Ngwabi pé àwọn wá tọrọ àjọṣe tó dára. Mehluli sì ń bú wọn láti inú ọgbà, bó ṣe yẹ kó bú wọn. "Ta ló ń ké bí ewúrẹ́ níbẹ̀?" "Àwa Mafu ni, bàbá." "Mafu wo? Àwọn tó jí adìyẹ wa?" "Àwa náà ni, bàbá, ó sì dùn, a tún wá bèèrè èyí tó kù." Gbogbo obìnrin tó wà ní ilé ìdáná ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn. Bí wọ́n bá ṣe bú alárinà tó, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ń dùn tó, nítorí ilé tí wọn ò bá ti bú un, wọn ò fẹ́ fi ọmọ fún un nìyẹn.

Mo lè sọ òótọ́ nígbà náà. Mo lè ní, "Ìyá, mo parọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹun títí dọ̀la." Wọn ò ní bínú, alárinà máa ń dúró. Mo lè yá kẹ̀kẹ́ lọ sí àárín ìlú, kí n lọ pe Bàbá Ngwabi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò tí mo ta àpótí fún ló kún ọgbà, àwọn náà ń wò mí. Ìyá àgbà olóró ẹnu yẹn ní, "Póò náà ò mà ṣiṣẹ́ o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún mi bí ẹ̀gún ẹja. Mo ní fóònù méjì lápò, ti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, tí òpó wọn jìnnà réré. Kò lè gbé dátà kankan, agbára káká ló fi ń gbé ohùn láti ilé kan dé èkejì. Ara mi wá sọ fún mi pé ohùn ni wọ́n ń wá, ohùn sì ni mo ní.

Mo gbé ọ̀kan fún Mehluli. Mo ní, "Bàbá kékeré, ọgbọ́n ọmọ Dlodlo ò lópin. Àpótí ń sinmi, mo ti ní kí Bàbá Ngwabi gba orí eléyìí wọlé." Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ." Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo lóṣòó sẹ́yìn ilé adìyẹ nínú ìgbẹ́ adìyẹ, mo fi ẹ̀wù bo orí, mo sì pè. Mo gbọ́ tó dún nínú ìyàrá. Mo gbọ́ tí Mehluli jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Mo wúkọ́. Mo dá dúró díẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ ilé mi."

Gbogbo ìyàrá pàtẹ́wọ́! Mo gbọ́ MaTshuma tó ní, "Bàbá Síli, ẹ káàárọ̀ o," tó ń fi ohùn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n kú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò ju kí n kí wọn, kí n ní mo gbà, kí n pa fóònù. Ṣùgbọ́n èmi ni mí, ẹ mọ̀ mí, mi ò lè fi omi kún ife kí n má jẹ́ kó ṣàn sílẹ̀. Mlotshwa kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, àwa adití, àwa arọ, la wá sílé yín." Mo ní, "Mo ti rí i. Orí rẹ tó ń dán yẹn, mò ń rí i láti Leeds, mo rò pé oòrùn ló yọ." Ilé wó fún ẹ̀rín. Mlotshwa fúnra rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa bú wa, bàbá, ó ń wọ̀ wá lára!" Mo bú ìka ẹsẹ̀ wọn, mo bú màlúù wọn pé ẹran ìdí rẹ̀ ò tó fi se ọbẹ̀ ológbò. Ẹ̀rín yẹn ń gun orí mi ju ọtí lọ. Láyé mi, ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ́rìn-ín báyẹn sí ọ̀rọ̀ mi. Mo fẹ́ sí i. Mo fẹ́ èyí tó máa tóbi jùlọ, èyí tí wọ́n á máa sọ títí.

Ìyá Mqhele kú sí Johannesburg. Ìdílé Mafu ò rí owó gbé òkú rẹ̀ wálé, ìjọba ibẹ̀ ló sin ín, wọn ò mọ ojú oórì rẹ̀ títí dòní. Gbogbo wa la mọ̀, a ò sì ń sọ ọ́. A lè bú alárinà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àmọ́ ọmọ Magwegwe kankan ò ní fi òkú ṣeré níbẹ̀. Mo mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa. Ẹnu mi ṣí, mo ní, "Ìdílé tí kò lè gbé òkú ìyá ọmọ wálé, ṣé ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ lè gbé?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí adìyẹ ń họlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ Mlotshwa, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò ní eré nínú mọ́. Ó ní, "Bàbá Ngwabi, a lè má gbọ́ yín dáadáa. Ẹ̀rọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún wa." Àgbà ni ọkùnrin yẹn. Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi kí n gba ibẹ̀ jáde. Ohun tó kù ò ju kí n ní, "Ẹ má bínú, ahọ́n mi yọ̀." Ṣùgbọ́n mi ò rí ohùn Bàbá Ngwabi mọ́, tèmi nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gbọ́ ọ. Mo pa fóònù. Lójú wọn, bàbá ọmọ ti sọ tẹnu rẹ̀, ó sì já a mọ́ wọn lójú. Wọ́n dìde. Mlotshwa tutọ́ sẹ́nu ọ̀nà kó tó jáde. Mqhele, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn, tó ń dúró níta lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ fún un níbẹ̀. Mo yọjú lẹ́yìn ilé adìyẹ, mo rí i tó fọwọ́ bo ojú.

Ẹ dúró, mi ò tíì dé ibi tó burú. Síli gba ẹ̀yìn ilé ìdáná sáré jáde, ó sì kọsẹ̀ lára mi. Èmi rèé lórí ìgbẹ́ adìyẹ, fóònù lọ́wọ́. Ó wò mí. Mo rò pé ó ti mọ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó mọ̀. Ó di ọrùn ẹ̀wù mi mú, ó ní, "Mlamuli, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ṣé bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé òun ni?" Ó ń bẹ̀ mí ni. Ó fẹ́ kí n sọ pé rárá. Ẹ̀yin èèyàn, mo wo ojú ọmọ tí a jọ jẹ nínú àwo kan, mo ní, "Òun ni, Síli. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi." Ó tú ọwọ́ lọ́rùn mi bí ẹni tí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀. Èyí ló burú jù. Gbogbo ìtọ̀ tí mo tọ̀, kò rùn tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí iná dé, ìpè Bàbá Ngwabi já wọlé lọ́wọ̀ọ́wọ́, àpótí ń tan, ó ń pa. Síli gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, bàbá," ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Bàbá náà ń sọ fún Mehluli pé láti ìdájí lòun ti ń pè, kò wọlé. Mehluli ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi wá ṣe ọmọdé, gbogbo ilé la gbọ́ yín." Bàbá náà bínú, ó ní wọ́n ti gba owó orí ọmọ òun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n wá fi òun bojú. Báyìí ni ilé ṣe fọ́. Síli gbé àpò kékeré kan, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Johannesburg, ó pààrọ̀ nọ́ńbà, kò pe ẹnikẹ́ni. MaTshuma ò gbé isitshwala síwájú fóònù mọ́. Èmi ńkọ́? Mò ń ta àpótí lọ. Mò ń lọ kí i, mò ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá, ọkùnrin burú." Èmi! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mò ń kó oúnjẹ rẹ̀ sẹ́nu, mò ń sọ bẹ́ẹ̀!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú mi ò ríran mọ́ dáadáa, bá mi tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn. Sọ fún un pé kó má padà wá sílé yìí. Sọ fún un pé tó bá kú, kí wọ́n sin ín síbẹ̀, bó ṣe fi òkú ìyá Mqhele ṣẹ̀fẹ̀." Ó na fóònù sí mi. Mo gbà á. Mo tẹ orúkọ bàbá náà. Ìka mi ń rùn sí mi, mo búra fún yín, mo gbọ́ òórùn ìtọ̀ lára ìka mi. Mo sáré síta, mo bì sídìí ògiri títí tó fi jẹ́ omi òróòro ló ń jáde. Ó tẹ̀lé mi, ó ń pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, kí lo jẹ?" Mo kúnlẹ̀ sínú èébì mi, mo sì sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Àpótí ìkóríta, wáyà, ilé adìyẹ, Síli.

Kò lù mí. Ìbá ṣe pé ó lù mí ni! Ọwọ́ tó fi ń pa mí lẹ́yìn dúró, ó gbé e kúrò, ó nù ún lára aṣọ rẹ̀, ó tún nù ún. Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí orí ọkọ mi ṣì ní irun ni mo ti ń bá a gbé. Mo gbọ́ ẹ, mo sì ní òun ni." Ó tún un sọ. Ó wá ní, "Dìde. Fọ ẹnu ẹ. Pè é."

Mo pè é níwájú rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Ngwabi. Mò ń retí kó ṣépè fún mi. Ó ní, "Síli dà? Ṣé ó ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi?" MaTshuma gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń sunkún sí i létí. Mo lọ sí ilé Mlotshwa náà, mo sọ fún un lójú Mqhele. Mqhele gbá mi létí kan, ó sì kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ta ló mọ ibi tó wà?" Kò sí ẹni tó mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ níta gbangba nìyẹn. Àwọn tí mo ba ìlà wọn jẹ́, ẹ wá bá mi, ẹ tutọ́ sí mi lára, ibẹ̀ ni màá dúró sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹnu yín mú bíi tèmi, tí ẹ rò pé ẹ̀rín àwọn èèyàn ló ń sọ èèyàn di ńlá, ẹ wò mí dáadáa. Ẹ má dárí jì mí kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wá a. Ẹni tó bá mọ Silibaziso Ngwabi, ní Hillbrow ni o, ní Tembisa ni o, ẹni tó bá ń bá a ṣiṣẹ́, ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ kó gbọ́ èyí.

Síli, Mlamuli ni. Mo purọ́ fún ẹ. Kì í ṣe bàbá ẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́hùn-ún ló ti dìde, ó ti wọ kóòtù, ó ti jókòó, ó ń wo fóònù tí kò dún. Mo bi í pé kí ló fẹ́ sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ ọ́ fún mi, mo sì ń gbé e bọ̀ bó ṣe wà, ohùn èmi ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò fi ti ẹnikẹ́ni sọ ọ́ mọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ pé, "Ẹ mú màlúù tó tọ́ sí ìyá rẹ̀ nìkan wá, nítorí òun ló dá tọ́ ọ nígbà tí mi ò sí nílé. Ní tèmi, mi ò gba nǹkan kan. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kó máa bá mi jẹun ní Sọ́ńdè."